Ibo Ni Omi Ti Ń Gbà Wọ Yàrá Ìsàlẹ̀?

Ọ̀rọ̀ tí a sọ níbi ìpàdé àwọn ìdílé, tí a kọ sílẹ̀ fún àwọn tí kò lè wá

Àwọn tí ó ṣètò ìpàdé yìí ní kí n sọ̀rọ̀ nípa ilé tí omi ń wọ̀, pàápàá jù lọ yàrá ìsàlẹ̀ tí títì ti ga jù lọ. Bóyá wọ́n yàn mí nítorí pé iṣẹ́ ọba tí mo ń ṣe láàárín ọ̀sẹ̀ máa ń mú mi dé ibi tí wọ́n ti ń sọ̀rọ̀ gọ́tà, iṣẹ́ pásítọ̀ sì ń mú mi dé inú yàrá tí omi gọ́tà náà ń já sí. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní tààrà: púpọ̀ nínú owó tí à ń ná lórí ọ̀ràn yìí, ìnákúnàá ni. Ibi tí omi ti hàn là ń tún ṣe, a kì í wá ibi tí ó gbà wọlé. Àwọn àgbà sì ti sọ ọ́ pé bí ògiri kò bá lanu, aláǹgbá kò lè ráyè wọ ibẹ̀.

Ní ìlú òyìnbó, wọ́n máa ń dìídì gbẹ́ yàrá sí abẹ́ ilé. Àwọn ènìyàn wa tí ó wà ní Lọ́ńdọ̀nù tàbí Chicago mọ̀ ọ́n dáadáa, ibẹ̀ ni ẹlòmíràn ń kó ẹrù sí, ẹlòmíràn tilẹ̀ ń gbé ibẹ̀. Ní ọ̀dọ̀ wa níhìn-ín, ní Sùúrùlérè, Yábàá àti Mùṣin, ẹ kò lè rí irú rẹ̀ nínú ilé mẹ̀kúnnù, nítorí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Ṣùgbọ́n a ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ tiwa tí ẹnikẹ́ni kò gbẹ́. Ilé tí bàbá àgbà kan kọ́ ní nǹkan bí 1960, tí wọ́n ń gun àtẹ̀gùn méjì kí wọ́n tó wọ̀ ọ́, lónìí a ń sọ̀ kalẹ̀ àtẹ̀gùn méjì kí a tó dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Lóòótọ́, àwọn ilé kan rì níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ àbàtà. Ní ibi púpọ̀, títì ni ó ga. Wọ́n da ọ̀dà sí i, ó bàjẹ́. Wọ́n da òkúta lé e, wọ́n tún da ọ̀dà mìíràn lé e, láìkọ́kọ́ ha ti àtijọ́ kúrò. Títì ń ga, ilé dúró sí ibi tí ó wà, onílé sì ń sọ pé ayé ti yípadà.

Ẹ rántí bí àdúgbò wa ti bẹ̀rẹ̀. Lẹ́yìn àjàkálẹ̀ àrùn tí eku gbé wọ Èkó ní 1924, ìjọba àmúnisìn dá ilé-iṣẹ́ LEDB sílẹ̀ ní 1928 láti tún ìlú ṣe. Ilé-iṣẹ́ yìí ni ó la apá kan Yábàá, òun náà ni ó kọ́ ilé sí Sùúrùlérè fún àwọn tí wọ́n wó ilé wọn ní Ìsàlẹ̀ Èkó láti 1955. Ibi tí LEDB bá là, wọ́n máa ń la gọ́tà mọ́ ọn. Mùṣin kò sí lábẹ́ ìlú Èkó nígbà náà, abẹ́ Ẹkùn Ìwọ̀-Oòrùn ni ó wà títí tí wọ́n fi dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní 1967. Nítorí náà ní apá púpọ̀ ní Mùṣin, ní Itire, Ìjẹ̀ṣàtẹ̀dó àti Ìdí-Àràbà, ilé ni ó kọ́kọ́ dé, gọ́tà ń bọ̀ lẹ́yìn. Ní òpópónà mìíràn kò tíì dé.

Omi pàápàá ní ibi tí ó ń lọ. Omi apá kan Sùúrùlérè ń wá ọ̀nà lọ sí ìhà Ìgànmú, tí ó jẹ́ àbàtà kí wọ́n tó kọ́ gbọ̀ngàn eré ti orílẹ̀-èdè síbẹ̀ ní àwọn ọdún 1970. Ti Yábàá àti Ìwáyà ń lọ sí ọ̀sà. Bí ọ̀sà bá kún ní àkókò tí òjò ń rọ̀, omi kànáàlì kò ríbi já sí. Á dúró, lẹ́yìn náà á padà wá bá wa. Ìdí nìyí tí ẹ fi lè rí gọ́tà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ kó ìdọ̀tí inú rẹ̀ tí ó sì tún kún dẹ́nu. Kò túmọ̀ sí pé kíkó gọ́tà kò wúlò o. Bí gọ́tà bá mọ́, tí ọ̀sà bá fà, omi á lọ láàárín wákàtí díẹ̀. Bí gọ́tà bá dí, ọ̀sà ìbáà fà títí di ọ̀la, omi á ṣì wà nínú yàrá yín.

N kò ní pẹ́ lórí ìyà tí ó wà níbẹ̀, nítorí ẹ̀yin tí ẹ ń jẹ ẹ́ wà níwájú mi. Ìyá kan wà nínú wa tí ó jẹ́ pé láti oṣù kẹrin títí di oṣù kẹwàá, orí tábìlì ni ìwé-ẹ̀rí àti aṣọ ilé-ìwé àwọn ọmọ rẹ̀ máa ń wà. Kì í sùn ní alẹ́ òjò, ńṣe ni ó máa ń nawọ́ sílẹ̀ láti orí bẹ́ẹ̀dì láti mọ̀ bóyá ilẹ̀ ti tutù. Owó ilé tí ó ń san kò dín ju ti ẹni tí ó wà ní òkè lọ. Àbíkẹ́yìn rẹ̀ ń wúkọ́, àwọn dókítà sì mọ̀ pé èébú tí ó ń hù sára ògiri tí kò gbẹ máa ń ru ikọ́ àti òtútù àyà sókè, pàápàá lára ọmọdé. Òjò kò mọ ẹni ọ̀wọ̀, ẹni òjò bá ni òjò ń pa. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí a gbà pé òjò ń bá àwọn kan ju àwọn kan lọ.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ọ̀rọ̀ ayé ni mo gbé wá sínú ilé Ọlọ́run. Ẹ ka Léfítíkù orí kẹrìnlá láti ẹsẹ ìkẹtàlélọ́gbọ̀n, ẹ ó rí i pé àlùfáà ni ó ń ṣàyẹ̀wò ògiri ilé tí ó ní àbàwọ́n. Ẹ wo bí ó ti ń ṣe é. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ kó ẹrù jáde kí òun tó wọlé, kí ẹrù onílé má baà bá a lọ. Ó wò ó, ó ti ilé náà pa fún ọjọ́ méje, ó tún padà wá wò ó. Bí ó bá ti ràn, ó ní kí wọ́n yọ òkúta tí ó bàjẹ́, kí wọ́n ha ara ògiri, kí wọ́n fi òkúta mìíràn àti amọ̀ tuntun sí i. Bí ó bá tún padà lẹ́yìn gbogbo èyí, wíwó ni. Kò sí ibi tí ó ti ní kí wọ́n kun ọ̀dà lé e. Èmi fẹ́ràn àlùfáà yẹn. Ó ń wò kí ó tó ṣe, ó ń dúró, ó sì mọ ìgbà tí ilé kò ṣeé tún ṣe mọ́.

Ẹ jẹ́ kí àwa náà kọ́kọ́ wò. Omi ń gba ọ̀nà mẹ́rin wọ yàrá ìsàlẹ̀, ọ̀tọ̀ sì ni oògùn ọ̀kọ̀ọ̀kan.

Èkíní ni èyí tí ó gba ẹnu ọ̀nà. Ó máa ń dé nígbà tí òjò ṣì ń rọ̀, ẹrẹ̀ àti ọ̀rá píọ̀ wọ́tà wà nínú rẹ̀, ó sì máa ń fi àmì sára ilẹ̀kùn. Èkejì ni èyí tí ó gba inú páìpù padà: ẹ ó rí i tí omi ń ru jáde ní ihò balùwẹ̀ tàbí ní ṣáláńgá nígbà tí ẹnu ọ̀nà ṣì gbẹ, òórùn rẹ̀ kò sì ní jẹ́ kí ẹ bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ẹ̀kẹta ń ti inú ilẹ̀ wá. Ó mọ́, kò ní ẹrẹ̀, ibi tí ilẹ̀ ti sán àti ibi tí ilẹ̀ ti pàdé ògiri ni ó ti ń sun. Òjò lè ti dá láti àárọ̀ kí ó tó bẹ̀rẹ̀, ó sì lè wà fún ọjọ́ mẹ́ta. Ẹ̀kẹrin ń gba ara ògiri gòkè bí epo ṣe ń gba òwú fìtílà. Ọ̀dà á máa ṣí, ìyẹ̀fun funfun bí iyọ̀ á máa yọ, dé orúnkún tàbí dé ìbàdí.

Bí ẹ kò bá dá ẹ̀kẹta mọ̀, ẹ dúró di ìgbà tí ilẹ̀ bá gbẹ lójú, kí ẹ gé ọ̀rá tí kò lu, kí ó fẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà méjì níhà gbogbo, kí ẹ fi sẹ́lótéèpù lẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ilẹ̀ láìsí àlàfo. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì. Bí abẹ́ ọ̀rá bá tutù, ilẹ̀ ni omi ti ń wá. Bí orí rẹ̀ ni ó tutù tí abẹ́ gbẹ, ooru inú yàrá ni ó di omi, fèrèsé ni ẹ nílò, kì í ṣe bíríkìlà. Ọ̀rá kan ṣoṣo yìí lè yọ yín nínú gbèsè.

Ti ẹnu ọ̀nà ni ó rọrùn jù. Ẹ mọ ìdènà sí ẹnu ọ̀nà, kí ó ga ju àmì omi tí ó ga jù lọ ní ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan. Kọnkéré ni kí ẹ lò, tàbí búlọ́ọ̀kù tí wọ́n di ihò inú rẹ̀, nítorí búlọ́ọ̀kù oníhò lásán yóò gba omi kọjá. Ẹ má gbàgbé ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn. Bí ìdènà bá ga tó bẹ́ẹ̀ tí ìyá àgbà kò lè dá a kọjá, ẹ lè ṣe irú èyí tí wọ́n ń ṣe ní ìlú Venice ní Ítálì, níbi tí omi òkun ti ń wọ ṣọ́ọ̀bù: wọ́n fi irin oníhò sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì ẹnu ọ̀nà, wọn a sì ti pákó irin bọ inú rẹ̀ nígbà tí omi bá ń bọ̀. Wẹ́dà àdúgbò lè ṣe é. Fóòmù ni kí ẹ fi sí abẹ́ rẹ̀ kí ó lè di mọ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n ìwọ̀n wà níbẹ̀. Àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í fẹ́ kí a dá omi dúró lára ògiri ju nǹkan bí 60 sẹ̀ǹtímítà lọ, nítorí pé ìwúwo omi lè bi ògiri ṣubú lu àwọn tí ó wà nínú ilé. Búlọ́ọ̀kù tiwa kì í sì í ṣe irú tiwọn. Bí omi bá ga ju orúnkún lọ ní ìta, ẹ jáde, ẹ má jókòó ti ìdènà.

Fún èyí tí ó ń gba páìpù, ìdènà ẹnu ọ̀nà kò ràn án rárá. Mo ti rí ilé tí wọ́n mọ ògiri yí ká tán, tí omi sì ń ru láti balùwẹ̀, tí ògiri náà kò wá jẹ́ kí ó jáde mọ́. Fáàfù kan wà tí ń jẹ́ kí omi lọ ṣùgbọ́n tí kì í jẹ́ kí ó padà. Ẹ sọ fún fúlọ́ńbà pé non-return valve ni ẹ fẹ́, ẹnu páìpù tí ó jáde kúrò nínú ilé ni yóò fi í sí, níbi tí ọwọ́ ti lè tó o, nítorí irun àti ọ̀rá lè há a lẹ́nu kí ó má sì pa dé mọ́. Ẹ máa fọ̀ ọ́ kí òjò tó bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí ó bá pa dé, omi tí ẹ bá dà nínú ilé náà kò ní rí ọ̀nà lọ, nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má wẹ̀ títí omi ìta yóò fi fà. Ẹni tí kò tíì lágbára fáàfù, kí ó di yanrìn sínú àpò, kí ó gbé e lé ihò balùwẹ̀ nígbà tí òjò bá ṣú. Ó ń dín in kù.

Nípa sókàwéè, ẹ jẹ́ kí a sọ òtítọ́. Níbi tí omi bá ti wà ní ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta sí abẹ́ ilẹ̀, sókàwéè kò lè mu omi, nítorí omi ni ó ti wà nínú ilẹ̀ náà. Ìgbà òjò ni ó máa ń da ohun inú rẹ̀ padà. Àwọn onílé kan a wá la páìpù ìkọ̀kọ̀ láti ibẹ̀ sínú gọ́tà. Ní oṣù kẹfà 2024, kọ́lẹ́rà jà ní Èkó, àwọn ènìyàn kú. Ẹni tí ó ń da ìgbẹ́ sí gọ́tà tí yóò wọ yàrá aládùúgbò rẹ̀, kí ó má ṣe sọ fún mi pé Sátánì ni ó ń jà. Ihò tí a mọ dáadáa tí kò lu, tí ọkọ̀ akógbẹ̀ẹ́ sì ń wá fà déédéé, ni ó tọ́ fún irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìdérí rẹ̀ sì gbọ́dọ̀ ga ju omi ìta lọ.

Ibi tí owó ń pọ̀ sí ni kíkún ilẹ̀ yàrá. Gbogbo ènìyàn ń kún ilẹ̀, díẹ̀ ni ó ń kún un dáadáa. Kí ẹ tó ra yanrìn kan, ẹ fi rọ́bà tí bíríkìlà fi ń wọn ilẹ̀, èyí tí omi wà nínú rẹ̀, wo bí títì ti ga ju ilẹ̀ yàrá lọ. Bí ilẹ̀ tuntun kò bá ní ga ju títì lọ, ẹ ń sún omi síwájú fún ọdún kan tàbí méjì ni. Lẹ́yìn náà ẹ wọn òkè. Yàrá tí ó ga ní ẹsẹ̀ bàtà mẹ́wàá, bí ẹ bá kún un ní méjì, ó ku mẹ́jọ, ènìyàn lè gbé ibẹ̀. Èyí tí ó ti jẹ́ mẹ́jọ yóò ku mẹ́fà, bí ilé ẹyẹlé. Ilẹ̀kùn àti fèrèsé náà yóò kúrú. Bí ilé bá jẹ́ alájà, kí ẹnikẹ́ni má gé òkè ilẹ̀kùn sókè láìjẹ́ pé ẹnjiníà wò ó, nítorí ara ògiri yẹn ni ìwúwo òkè wà.

Bí ó bá ṣeé kún, ẹ hú táìlì àtijọ́ kúrò. Ẹ da àfọ́kù búlọ́ọ̀kù àti òkúta sí i, lẹ́yìn náà ilẹ̀ pupa, kí wọ́n máa gún un ní ìpele ìpele, kí ìpele kan má ju ẹsẹ̀ bàtà ààbọ̀ lọ. Ẹ má fi ìdọ̀tí tàbí ìyẹ̀fun igi kún un. Ní etí ọ̀sà ní Ẹ̀bùté-Mẹ́ta àti Mákòkó, wọ́n ti fi ìyẹ̀fun igi láti ilé ìlagi kún àbàtà láti ọjọ́ pípẹ́, ẹni tí ó bá ti rìn lórí rẹ̀ mọ̀ pé ó ń mì, ó sì ń jẹrà lọ sílẹ̀. Lẹ́yìn ilẹ̀ pupa, ẹ da yanrìn tín-ín-rín kí òkúta má baà lu ọ̀rá, kí ẹ wá tẹ́ ọ̀rá dúdú tí ó nípọn. Ọ̀rá yìí ni olórí iṣẹ́, òun sì ni àwọn bíríkìlà máa ń fò. Kí ọ̀kan gun orí èkejì tó ẹsẹ̀ bàtà kan, kí ó sì ká sókè lára ògiri kọjá ibi tí kọnkéré yóò dé. Lẹ́yìn náà ni kọnkéré, ínṣì mẹ́rin ó kéré tán: sìmẹ́ńtì ìwọ̀n kan, yanrìn méjì, òkúta wẹ́wẹ́ mẹ́rin. Kí omi rẹ̀ má pọ̀. Bíríkìlà fẹ́ kí ó ṣàn kí iṣẹ́ lè yá, ṣùgbọ́n kọnkéré tí omi pọ̀ nínú rẹ̀ yóò ní ihò wẹ́wẹ́ tí omi mìíràn yóò gbà gòkè. Ẹ máa wọ́n omi sí i fún ọjọ́ méje.

Níbi tí kò ti ṣeé kún, wọ́n lè gbẹ́ kòtò kékeré sí igun tí ó rẹlẹ̀ jù, kí omi máa ṣàn síbẹ̀, kí ẹ̀rọ ìfami kékeré tí ó ní ohun tí ń léfòó máa tan ara rẹ̀ nígbà tí omi bá dé ìwọ̀n kan. Èyí ni wọ́n ń lò jù ní yàrá abẹ́ ilẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ìṣòro rẹ̀ níhìn-ín kò fara sin: ìgbà tí òjò bá ṣú ni wọ́n ń mú iná lọ. Ẹni tí ó bá ní bátìrì ínfátà lè fi gbé e. Kí ẹnikẹ́ni má gbé jẹnẹrétọ̀ wọ inú yàrá tàbí kọ́rídọ̀ nítorí òjò, èéfín rẹ̀ kì í jẹ́ kí ènìyàn jí. Iná mọ̀nàmọ́ná náà ńkọ́? Sọ́kẹ́ẹ̀tì yàrá ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ ga tó èjìká. Bí omi bá ti ń wọlé, ẹ pa ẹ̀rọ iná gbogbo ilé kí ẹsẹ̀ yín tó tutù. Bí omi bá ti yí ẹ̀rọ náà ká, ẹ má fọwọ́ kàn án, ẹ pe ẹni tí ó lè pa á láti ìta.

Ti ògiri, kúkúrú ni ọ̀rọ̀ mi. Táìlì àti POP kì í wo ògiri tútù sàn. Ńṣe ni wọ́n ń dí ibi tí omi ìbá ti gbẹ jáde, omi á sì gòkè sí i kọjá táìlì. Ẹ ha pláasítà kúrò dé ìwọ̀n ẹsẹ̀ bàtà kan kọjá ibi tí ó tutù dé, ẹ fi í sílẹ̀ láìbò ní gbogbo ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn kí ó gbẹ, kí ẹ tó fi sìmẹ́ńtì tí wọ́n po oògùn adènà omi mọ́ rẹ́ ẹ. Kí yanrìn rẹ̀ má jẹ́ ti etí òkun, iyọ̀ inú rẹ̀ ń fa omi. Kí ẹ sì wo òkè pẹ̀lú, nítorí nígbà mìíràn páànù tí kò ní ọ̀nà omi ni ó ń da omi sí ẹsẹ̀ ògiri lójoojúmọ́.

Ta ni yóò san owó rẹ̀? Òfin ilé yíyá tí Ìpínlẹ̀ Èkó ṣe ní 2011 sọ pé, àyàfi bí ìwé àdéhùn bá sọ nǹkan mìíràn, láńdìlọ́ọ̀dù ni yóò máa tún ẹ̀yìn ilé àti ibi tí gbogbo ayálégbé jọ ń lò ṣe. Gọ́tà inú ọgbà, kọ́rídọ̀, páìpù ìta àti sókàwéè wà nínú èyí. Nítorí náà ẹ ka àdéhùn yín kí ẹ tó fọwọ́ sí i, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń gba ilé ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn nígbà tí ògiri ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀dà tuntun. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tí ó ń ta nǹkan níwájú ilé ibi tí omi ń dé, yóò sọ òtítọ́ ju ajẹ́ǹtì lọ. Bí ẹ bá fẹ́ fi owó ara yín tún yàrá ṣe kí a yọ ọ́ nínú owó ilé, kí ó wà nínú ìwé kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀. Bí ọ̀rọ̀ bá le, Citizens' Mediation Centre ti ìjọba Èkó wà, wọn kì í gba owó, wọ́n sì máa ń pe láńdìlọ́ọ̀dù àti ayálégbé jókòó. Ẹ yọ fọ́tò omi náà, kí ẹ kọ ọjọ́ sí i.

Mo mọ̀ pé àwọn láńdìlọ́ọ̀dù wà láàárín wa, mo sì mọ̀ pé ilé bàbá tí ọmọ mẹ́sàn-án jọ jogún, owó títún un ṣe kì í jáde bọ̀rọ̀. Síbẹ̀, yàrá tí ó ti ku ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà tí omi sì ń wọ̀, kí a má yá a fún ẹnikẹ́ni láti sùn mọ́. Kí a ti í pa bí àlùfáà ti ṣe.

Ó ku ti òpópónà. Àgbàrá òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àwọn ará Ìbàdàn mọ ohun tí Odò Ògùnpa ṣe ní ọjọ́ kọkànlélọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ 1980, nígbà tí omíyalé kó ọ̀pọ̀ ẹ̀mí lọ nítorí pé wọ́n ti kọ́lé sí ojú odò, wọ́n sì ti da ìdọ̀tí dí i. Àwa náà rí tiwa ní ọjọ́ kẹwàá oṣù keje 2011, ọjọ́ ìsinmi, tí òjò kò jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ìjọ ṣe ìsìn. Lẹ́yìn irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀ ni gbogbo wa ń kó gọ́tà. Ẹ̀yin rántí Sátidé ìparí oṣù, aago méje sí mẹ́wàá òwúrọ̀. Ní 2016 ni ìjọba Èkó fagi lé ìséde náà lẹ́yìn ìdájọ́ ilé-ẹjọ́. Inú mi dùn sí òmìnira, ṣùgbọ́n wọn kò fagi lé gọ́tà. Bí a bá sì kó o, ẹ má fi ẹrẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ ní etí gọ́tà kí òjò kejì tún gbá a padà. Ẹ ti rí i rí. Gbogbo wa ti rí i rí. Abọ́ oúnjẹ funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí ìjọba fòfin dè ní oṣù kìn-ín-ní 2024, ẹ lọ wo inú gọ́tà bóyá ó ti gbọ́.

Ẹni tí ó da kọnkéré sí iwájú ilé rẹ̀ tí ó mú un ga, ilé ẹlòmíràn ni ó darí omi sí. Mo mọ ilé ìjọsìn kan, n kò ní dárúkọ rẹ̀, tí ó da ìntálọ́ọ̀kì sí gbogbo ọgbà, tí ó sì dagun rẹ̀ sí ìhà ògiri opó kan. Wọ́n ń gbàdúrà fún obìnrin náà ní gbogbo Wednesday. Bí a bá da ilẹ̀ ọgbà, kí omi rẹ̀ já sí gọ́tà tí ó ṣí, kí ìdérí gọ́tà sì jẹ́ èyí tí ọwọ́ lè gbé, kì í ṣe èyí tí a fi sìmẹ́ńtì dì pa. Bí àwọn tí ń ṣe títì bá tún dé, kí ẹgbẹ́ ìdàgbàsókè àdúgbò lọ bá ẹnjiníà wọn kí kátakátá tó dé, kí wọ́n bẹ̀ ẹ́ kí ó ha ọ̀dà àtijọ́ kúrò kí ó tó da tuntun, kí gọ́tà sì wà nínú iṣẹ́ náà. Lẹ́tà tí ogójì onílé àti ayálégbé jọ fọwọ́ sí máa ń pẹ́ lórí tábìlì, ṣùgbọ́n kì í sọnù bí ọ̀rọ̀ ẹnu. Èmi tí mo ń jókòó sí ẹ̀yìn irú tábìlì bẹ́ẹ̀ ni mo sọ ọ́.

Bíríkìlà mẹ́ta, fúlọ́ńbà kan àti oníná kan nínú ẹgbẹ́ wa ti gbà láti máa yí ilé ká ní Sátidé mẹ́rin tí ń bọ̀, láti wo yàrá tí omi ń wọ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, kí wọ́n sì sọ ọ̀nà tí omi gbà wọlé. Wíwò ni ọ̀fẹ́ o, sìmẹ́ńtì kì í ṣe ọ̀fẹ́. Ẹ kọ orúkọ àti àdírẹ́sì yín sílẹ̀ lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ẹ tó jáde. Àwọn tí ó ní ọmọ kékeré tàbí aláìsàn nínú yàrá ìsàlẹ̀ ni a ó kọ́kọ́ lọ bá, kí ẹ sì ti lẹ ọ̀rá mọ́lẹ̀ láti Thursday.